Ẹ́ńjìnnì Dísù Kì Í Ṣe Àmù Omi

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń jẹun nídìí ẹ́ńjìnnì dísù, ẹ̀yin ni mo fẹ́ bá wí lónìí. Inú ń bí mi, ó sì yẹ kó bí mi. Ohun tí mo rí nínú ṣọ́ọ̀bù mi n'Íbàdàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ti rí irú rẹ̀ léraléra lọ́dún yìí, ọwọ́ yín ló sì ti ń wá.

Awakọ̀ kan gbé bọ́ọ̀sì oníjókòó 30 wọlé láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Kó tó paná ọkọ̀, èéfín funfun ti gba gbogbo àgbàlá, ó ń ta wá lójú bí ìgbà tí èèyàn ń gé àlùbọ́sà. Ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbà mí. Owó tí mo fi ń ra dísù ti fẹ́ jẹ gbogbo owó tó yẹ kí n kó fún ọ̀gá mi tán.” Wọ́n ti tú nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ, wọ́n ti gbé pọ́ǹbù náà lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe, owó gọbọi ti wọlẹ̀, èéfín ò dín, epo ò dín. Mo bi í pé ṣé ọkọ̀ kì í gbóná. Ojú rẹ̀ tàn yanran. “Rárá o, Bàbá! Ti gbígbóná yẹn, wọ́n ti bá mi yanjú ẹ̀ pátápátá. Ẹ wo géèjì, abẹ́rẹ́ ẹ̀ kì í kúrò nílẹ̀.”

Mo wo géèjì. Òótọ́ ló sọ. Láti Ìdí-Ayunrẹ́ ló ti kó èrò kún ọkọ̀ bọ̀, síbẹ̀ abẹ́rẹ́ náà ò tíì gòkè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà C bí ìka kan. Ohun tó ń dùn mọ́ ọn nínú ni ohun tó ń já mi láyà.

Mo fa ọ̀pá géèjì ọ́ìlì yọ. Ọ́ìlì ti kọjá àmì òkè. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni nínú yín tó ti rí ibi tí ọ́ìlì ti ń bímọ rí? Mo fi àtàńpàkò àti ìka ra á. Kò fà, ó ń ṣàn lọ bí omi ọṣẹ. Mo gbé e sí imú, dísù ló ń rùn. Mo pe àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kí wọ́n tò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fọwọ́ kàn án, kí wọ́n gbóòórùn ẹ̀, nítorí òórùn yẹn ni òórùn ẹ́ńjìnnì tó ń kú lọ tí ẹnikẹ́ni ò sunkún ẹ̀.

A fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ kó tutù di ọ̀sán. Nígbà tí a tún tan án, mo gbé ọwọ́ lé hóòsì òkè tó ń lọ sí rédíétọ̀. Bí nǹkan bá wà ní ipò ẹ̀, ó yẹ kí hóòsì yẹn wà ní tútù fún ìgbà díẹ̀ nígbà tí omi inú ẹ́ńjìnnì ń gbóná lọ, kó tó di pé ooru já dé ọwọ́ mi lójijì. Eléyìí ò ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn gbé omi ìwẹ̀ sórí iná tí kò jó dáadáa. Mo ní kí wọ́n tú nọ́ọ̀tì méjì tó de ilé tẹ́mósítáàtì. Inú ẹ̀ ṣófo. Ìjókòó ẹ̀ mọ́ tónítóní, nǹkan tó yẹ kó jókòó síbẹ̀ ò sí ńbẹ̀.

“Ta ló yọ ọ́?”

“Mẹkáníìkì kan ni, sà. Ó ní ìlú wa gbóná. Ó ní torí òtútù ni òyìnbó ṣe ń fi sí i, pé àwa ò nílò ẹ̀.”

Gbólóhùn yìí ni mo fẹ́ bá yín jà lé lórí. Ìlú wa gbóná! Báwo ló ṣe gbóná tó? Bí oòrùn Ìbàdàn bá mú gan-an kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, á tó ìwọ̀n 35 ti Celsius. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì dísù inú bọ́ọ̀sì ń fẹ́ kí omi inú wọn wà láàárín 80 sí 95. Kí ni 35 fẹ́ ṣe fún ẹni tó ń wá 85? Ìwọ fúnra rẹ, bóyá ilé rẹ wà ní Sókótó tàbí ní Jọ́ọ̀sì, ìwọ̀n 37 tàbí ibi tó súnmọ́ ọn ni ara rẹ máa ń wà. Bó bá wálẹ̀ dé 32, ilé ìwòsàn ni àwọn èèyàn rẹ á gbé ọ sáré lọ, wọn ò ní máa jó pé ara rẹ tutù. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ sọ di ẹni 32 ni ẹ ń fi ń yangàn fún onímọ́tò.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ohun tí tẹ́mósítáàtì jẹ́, nítorí mo ti rí i pé àwọn tó ń yọ ọ́ jù kì í lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Kóró bàbà kékeré kan ni, tí wọ́n rọ ìda sí nínú. Sergius Vernet ló ṣe irú onída yìí ní Amẹ́ríkà ní 1934. Kò lo iná mànàmáná, kò ní wáyà, kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀. Bí omi bá gbóná dé ìwọ̀n tí wọ́n fín sí i lára, 82 tàbí 88 tàbí iye tí ẹ́ńjìnnì náà bá fẹ́, ìda á yọ́, á wú, á ti ìlẹ̀kùn ṣí, omi á sì kọjá lọ sí rédíétọ̀. Bí omi bá tutù, ìda á sún kì, sípíríngì á ti ìlẹ̀kùn padà. Bó ṣe ń ṣe nìyẹn, tọ̀sán-tòru, lọ́dún lọ́dún. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Ó mọ ìgbà tó yẹ kó ṣílẹ̀kùn, ó mọ ìgbà tó yẹ kó tì í. Ẹ lé ẹ̀ṣọ́ lọ, ẹ tún gbé ìlẹ̀kùn jù nù, ẹ wá ń sọ fún onílé pé ìyọnu ti tán.

Ẹ sì rántí pé dísù lẹ ń ṣe, ẹ ò ṣe bẹntiróò. Rudolf Diesel, ará Jámánì tí wọ́n bí ní Paris ní 1858, kò fi púlọ́ọ̀gì sí ẹ́ńjìnnì tirẹ̀. Nígbà tó ṣiṣẹ́ yanjú ní Augsburg ní 1897, kò sẹ́ni tó ń ṣáná sí i. Pístìn ló ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń tú lónìí, afẹ́fẹ́ tó gba àyè 17 tàbí 18 ni pístìn á tì mọ́ àyè kan ṣoṣo, títí á fi gbóná kọjá 500. Inú ooru yẹn ni nọ́sù ń fọ́n dísù sí, tó fi ń gbiná. Ooru ni púlọ́ọ̀gì rẹ̀! Ẹni tó bá jẹ́ kí ara sílíìfù tutù ju bó ṣe yẹ, púlọ́ọ̀gì ẹ̀ ló ń jí gbé.

Àwọn ìyá wa tó ń dín àkàrà mọ èyí ju yín lọ. Ẹ lọ dúró tì wọ́n láàárọ̀. Kò sí èyí tó máa da ẹ̀wà sínú epo tí kò tíì gbóná, torí wọ́n mọ̀ pé àkàrà á kàn máa mu epo ni, kò ní wú, kò ní pọ́n. Bí ẹ́ńjìnnì tútù ṣe ń mu dísù nìyẹn. Nọ́sù á fọ́n epo, gbogbo ẹ̀ ò ní jó tán. Èyí tí kò jó, apá kan á gba sálẹ́ńsà jáde ní èéfín funfun tó ń ta ojú, apá kan á lẹ̀ mọ́ ara sílíìfù, á fọ ọ́ìlì tó yẹ kó máa dáàbò bo ríìngì kúrò, á rọra ṣàn lọ sísàlẹ̀ lọ bá ọ́ìlì. Ìdí nìyẹn tí ọ́ìlì fi “bímọ” lára ọ̀pá géèjì. Dísù ni ẹ ń fi pa mẹtáàlì pẹ̀lú béárì. Kò sì tán síbẹ̀. Imí-ọjọ́ wà nínú dísù. Ní Yúróòpù, láti 2009, òfin ò jẹ́ kó kọjá 10 nínú mílíọ̀nù kan. Tiwa ti ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fọ́pọ̀ ọdún. Nínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná dáadáa, oru omi á bá èéfín jáde lọ. Bí ara irin bá tutù, oru yẹn á sẹ̀ bí ìrì, á pàdé èéfín imí-ọjọ́, á di ásíìdì, irú èyí tó wà nínú bátìrì gan-an. Ọmọ mi, ásíìdì bátìrì lo ń dà sínú ẹ́ńjìnnì oníbàárà rẹ.

Ní Mushin ni mo ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí Molue tí wọ́n kan bọ́dì sórí Mercedes 911 ń kó gbogbo Èkó. Ọ̀gá mi ní ìkòkò kékeré kan tó dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò ọbẹ̀, Adájọ́ lorúkọ tó sọ ọ́. Kò sí tẹ́mósítáàtì tó wọ ṣọ́ọ̀bù náà, ì báà jẹ́ tuntun tàbí tòkúnbọ̀, tí kì í dé iwájú Adájọ́. A ó fi wáyà gbé e kọ́ sínú omi, kó má fara kan ìdí ìkòkò, a ó gbé ìwọ̀n ooru sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, a ó sì tẹjú mọ́ ọn. Ìlẹ̀kùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ pa dé títí omi á fi súnmọ́ iye tí wọ́n fín sí i. Yóò bẹ̀rẹ̀ sí í là bí ẹni tó ń jí lójú oorun, bí ooru bá sì tún fi bíi 10 sí 15 gòkè, á ti là tán. Bí o bá gbé e kúrò nínú omi, á padé padà. Èyí tó bá là kó tó yẹ, èyí tó kọ̀ láti là, èyí tí kò padé mọ́, inú pàǹtí ni. Ọ̀gá mi kì í gba “ó jọ pé” lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bó o bá sọ ọ́, wàá jókòó ti Adájọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bí ọkọ̀ bá wá dé ọ̀dọ̀ rẹ, tí ẹni tó ni ín sọ pé abẹ́rẹ́ ò gòkè, má sáré mú sípánà. Kọ́kọ́ fura sí géèjì, torí géèjì ń purọ́. Wáyà lè já, sẹ́ńsọ̀ lè kú, omi sì lè dín débi pé sẹ́ńsọ̀ ò kan omi mọ́, afẹ́fẹ́ ló wá ń wọ̀n. Èyí tó kẹ́yìn yìí léwu jù lọ, nítorí ẹ́ńjìnnì lè máa jóná lọ kí géèjì máa sọ pé àlàáfíà ni. Nítorí náà, yẹ omi wò nígbà tí ọkọ̀ bá tutù. Lẹ́yìn náà, wá ìbọn tí wọ́n fi ń wọn ooru, ti oníṣẹ́ ọwọ́ ni mò ń wí. Èyí tí wọ́n nà sí wa níwájú orí nígbà Kòrónà kò lè ka ohun tó ju ooru ara lọ. Nà án sí ilé tẹ́mósítáàtì lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti rìn dáadáa, tó ti gòkè, tó ti gbẹ́rù. Má wọ̀n ọ́n lẹ́yìn tó ti dúró jẹ́jẹ́ fún wákàtí kan, torí dísù tí kò ṣiṣẹ́ kì í gbóná tó, kódà kí gbogbo nǹkan ẹ̀ pé. Bọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí, 58 ni mo bá lára ẹ̀ lẹ́yìn ìrìn àjò. Géèjì ò purọ́ nígbà tiẹ̀. Ẹ́ńjìnnì náà tutù ní tòótọ́.

Hóòsì ló kàn, bí mo ṣe wí lókè. Àmọ́ kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n fi tẹ́mósítáàtì sí nínú ẹ́ńjìnnì tó wà níwájú rẹ, torí àwọn kan wà tó jẹ́ ìdí hóòsì ìsàlẹ̀ ni tiwọn wà. Bó bá wà níbẹ̀, wo rọ́bà tó yí i ká. Bí rọ́bà yẹn bá ti já, omi á máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, ìwọ á sì máa bú tẹ́mósítáàtì tí kò jẹ̀bi. Wo fáànù náà. Mo ti rí èyí tí rewáyà so mọ́ bátìrì tààrà. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi wẹ́dà lẹ kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ pa, kó lè máa yí láìsinmi. Fáànù tí kì í sinmi ń jẹ agbára ẹ́ńjìnnì, ó ń jẹ epo, bí tẹ́mósítáàtì bá sì ń jò díẹ̀, òun ló ń bá a parí ìbàjẹ́ náà.

Ohun mìíràn tún wà tí mi ò lè ṣàì sọ, kí ẹnì kan má baà sọ pé yíyọ ọ́ ṣáà ń mú ọkọ̀ tutù. Àwọn ẹ́ńjìnnì kan wà tí tẹ́mósítáàtì wọn ní abẹ́ méjì. Bí abẹ́ kan bá ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, èkejì á dí ọ̀nà àbùjá tí omi ń gbà yípo nínú ẹ́ńjìnnì láìdé rédíétọ̀. Bó o bá yọ ọ́, ọ̀nà àbùjá yẹn á wà ní ṣíṣí títí ayé. Omi gbígbóná á máa gba ibẹ̀ sá lọ sá bọ̀, á sì kọ̀ láti lọ tutù. Ọkọ̀ á tutù jù láàárọ̀, á wá hó nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ lọ́sàn-án. Ẹ ó wá sọ pé gáskẹ́ẹ̀tì ló jó, ẹ ó tú orí ẹ́ńjìnnì, ẹ ó gba owó lé owó. Ta ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀?

Ẹ̀yin awakọ̀ náà, ẹ má rò pé ẹ ti yọ. Ẹ ń tan bọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní gáréèjì láti aago márùn-ún, ẹ ń dúró de èrò, pàápàá lásìkò ọyẹ́, ẹ lẹ́ ẹ ń mú kó gbóná. Kò lè gbóná bẹ́ẹ̀! Ẹ tan án, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì ríbi gòkè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kẹ́ ẹ rọra máa lọ, ẹ má tẹ̀ ẹ́ pa. Iṣẹ́ ló ń mú un gbóná. Ẹ̀yin olówó ọkọ̀, ọ̀rọ̀ tiyín gan-an ló ń dùn mí jù. Ẹ ń ra táyà, ẹ ń kun ọ̀dà, ẹ ń kọ àdúrà sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣùgbọ́n omi kànga lẹ ń bù sí rédíétọ̀. Ìpẹtà tó ń ti ibẹ̀ wá ló ń há tẹ́mósítáàtì lọ́fun, tó fi ń kọ̀ láti ṣí tàbí láti padé. Kúláńtì tó dáa, tí wọ́n ń pààrọ̀ lásìkò, ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí ẹ bá sì rán ọmọ lọ ra tẹ́mósítáàtì ní ọjà Ládípọ̀ tàbí ti Gate, ẹ sọ fún un kó mú èyí tí iye ara ẹ̀ bá ti ẹ́ńjìnnì yín mu, kì í ṣe èyí tó kéré jù lówó.

Ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yẹn, torí ibẹ̀ ni ohun tó dùn mí jù lọ wà.

Nígbà tí mo bèèrè ibi tí tẹ́mósítáàtì ọ̀hún wà, awakọ̀ náà wọ abẹ́ ìjókòó lọ, ó mú un jáde nínú àkísà kan, ó ní òun ò fẹ́ sọ ọ́ nù nítorí pé nǹkan òyìnbó ni. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e kọ́ sínú omi, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pagbo yí i ká. 82 ni wọ́n fín sí i. Ní 82 gẹ́lẹ́, ìlẹ̀kùn rẹ̀ là. Ní 94, ó là tán. Mo gbé e sókè, ó padé wẹ́rẹ́ níwájú gbogbo wọn. Kò ṣe ọkọ̀ yẹn ní ohunkóhun rí láyé ẹ̀.

Kí ló wá ń mú ọkọ̀ náà gbóná, tó ń ta omi jáde tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi lọ bẹ́ orí aláìṣẹ̀? Mo mú ìdérí rédíétọ̀. Rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ti là yíká, ó ti gan bí awọ gbígbẹ. Ìdérí yẹn ló yẹ kó di omi mú lábẹ́ agbára, kí omi má baà hó ní 100. Èyí tó dáa lè mú kó kọjá 115 kó tó ronú àtihó. Rọ́bà ti lọ, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá gbẹ́rù gòkè ni omi ń hó, tó ń tú jáde. Ìdérí kan ni! Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe yọ tẹ́mósítáàtì, nítorí yíyọ tẹ́mósítáàtì ni dísù fi wọ ọ́ìlì, nítorí èéfín ni wọ́n fi tú nọ́sù mẹ́fà, tí wọ́n gbé pọ́ǹbù lọ. Kò sẹ́nì kankan nínú wọn tó ṣí ìdérí náà yí i padà wo abẹ́ ẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

A dá tẹ́mósítáàtì náà padà pẹ̀lú gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, a pààrọ̀ ìdérí, a da ọ́ìlì tó bàjẹ́ nù, a rọ tuntun, a pààrọ̀ fílítà. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, a kó àwọn ọmọ iṣẹ́ àti àpò iyanrìn sẹ́yìn, a sì gun òkè Màpó. Abẹ́rẹ́ géèjì dìde nílẹ̀, ó dé àárín, ó dúró síbẹ̀. Ẹ̀rù ba ọmọ náà. “Bàbá, ó ti ń gbóná o!” Mo ní kó má mikàn, kó wo ẹ̀yìn nínú dígí. Ó wò ó. Kò sí èéfín.

Mi ò mọ ìdí ẹ́ńjìnnì tó ti jẹ ásíìdì fún oṣù mélòó kan, mi ò sì lè ṣèlérí fún un pé ríìngì àti béárì ẹ̀ ò fara gbọgbẹ́. Mo ti sọ fún un kó máa gbóòórùn ọ̀pá géèjì láràárọ̀, kó gbé ọkọ̀ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ìwọ tí o yọ ọ́, mi ò bèèrè orúkọ rẹ lọ́wọ́ awakọ̀ náà, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ìkòkò mi wà lórí àdògán lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá igi máńgòrò. Gbé èyí tí o yọ kẹ́yìn dání, kí o sì máa bọ̀ láàárọ̀, kí oòrùn tó mú.